Ṣé O Mọ̀? Bí Wọ́n Ṣe Fi Generator Kún Àwọn Èdè Kọ̀ǹpútà Tí Kò Ní In

Ṣé o mọ̀ pé láti ọdún 1971 ni ilé-ẹ̀kọ́ kan ti wà ní Libreville, olú-ìlú Gabon, tí wọ́n dá sílẹ̀ torí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà? Institut Africain d'Informatique ni orúkọ rẹ̀. Fort-Lamy, tí à ń pè ní N'Djamena lónìí, ni àwọn ìjọba ti fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yẹn, ṣùgbọ́n Libreville ni wọ́n fi ibùjókòó rẹ̀ sí. Benin àti Togo wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ni ín. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Okala, ní ìhà àríwá ìlú náà, tó sì ń kọ́ bí a ṣe ń kọ kóòdù, kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí rárá. Ọmọ náà ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí, òun àti ẹnikẹ́ni tó ti kọ lúùpù rí tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ títí tó fi dákẹ́.

Ṣé o mọ ohun tí generator jẹ́ nínú kóòdù? Function lásán, bí o bá pè é, á ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ tán, á dá èsì padà, á sì gbàgbé gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Generator kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á fún ọ ní ẹyọ kan, á dúró síbi tó dé, á di ohun ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. Nígbà tí o bá tún béèrè, ibi tó dúró sí gan-an ni á ti bẹ̀rẹ̀. Bí aláàkàrà tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn: bí oníbàárà bá ṣe ń dé ló ń bu ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo gbígbóná, ìyókù á wà nínú ọpọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ tí function fi ń fúnni ní ẹyọ kan kó tó dúró ni yield.

Ṣé o mọ̀ pé ìlà kóòdù mẹ́rin péré tó láti pe odù Ifá 256 jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Wò ó nínú Python:

def odù(ojú):
    for ọ̀tún in ojú:
        for òsì in ojú:
            yield ọ̀tún, òsì

Fún un ní orúkọ mẹ́rìndínlógún, láti Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì, Òdí títí dé Ọ̀ṣẹ́ àti Òfún, á sì máa so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, ọ̀tún ṣáájú òsì, bí wọ́n ṣe ń kà á lójú ọpọ́n. Lóòótọ́, ìtò yìí kì í ṣe ti babaláwo, nítorí babaláwo á ka ojú odù mẹ́rìndínlógún tán kó tó kan àmúlù. Ṣùgbọ́n gbogbo 256 ló máa jáde, kò ní sí èyí tó máa jáde lẹ́ẹ̀mejì.

O lè sọ pé 256 kò pọ̀, kí ló dé tí a kò kúkú kó gbogbo wọn jọ lẹ́ẹ̀kan? Ó dára. Jẹ́ kí a fi lúùpù kẹta kún un: ó di 4,096. Ìkẹrin: 65,536. Ìkarùn-ún: 1,048,576. Ìkẹfà: 16,777,216. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo èyí jọ sínú ìrántí kọ̀ǹpútà kó tó wo àkọ́kọ́ nínú wọn ti di ẹrù tí kò yẹ ru ara rẹ̀. Nínú Python tòní, kìkì àmì tó ń tọ́ka sí ohun mílíọ̀nù kan máa ń gba mílíọ̀nù báìtì mẹ́jọ, ká tó ka àwọn ohun náà fúnra wọn. Generator ní tirẹ̀ kò gbà ju ìwọ̀nba ọgọ́rùn-ún báìtì mélòó kan lọ, ì báà jẹ́ ẹyọ mẹ́wàá ló fẹ́ mú jáde, ì báà jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá. Lórí kọ̀ǹpútà àlòkù tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lò, ìyàtọ̀ yẹn ló máa sọ bóyá iṣẹ́ á parí tàbí kò ní parí.

Ṣé o kíyè sí i pé mo fi àmì ohùn sórí orúkọ tó wà nínú kóòdù òkè yẹn? Python gbà á. Láti ẹ̀dà 3.0, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, o lè fi Yorùbá tó ní àmì sọ function rẹ lórúkọ. JavaScript náà gbà á, àmọ́ ọ̀fìn kan wà níbẹ̀: ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ "ọ́" ju ẹyọ kan lọ, Python á sọ gbogbo wọn di ọ̀kan náà, JavaScript kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ méjì tó jọra lójú rẹ lè jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ JavaScript ní Yorùbá gbọ́dọ̀ máa fi bọ́tìnnì kan náà tẹ àmì rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ó yá, ta ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ generator yìí?

Ṣé o mọ̀ pé ní ọdún 1958 ni Melvin Conway, ará Amẹ́ríkà, fún àwọn ètò méjì tó ń dá ara wọn dúró tí wọ́n sì ń fún ara wọn láyè lórúkọ: coroutine? Ọdún 1963 ló tẹ àlàyé rẹ̀ jáde, nígbà tó ń ṣàlàyé bí a ṣe lè kọ compiler, ètò tó ń túmọ̀ kóòdù, fún èdè COBOL. Apá kan compiler ń ka lẹ́tà, apá kejì ń to gbólóhùn. Dípò kí apá kìíní parí gbogbo ìwé kó tó gbé e fún èkejì, Conway jẹ́ kí wọ́n jọ máa rìn: o fún mi ní ọ̀rọ̀ kan, mo lò ó, o tún fún mi ní òmíràn. Ìrònú yìí wà nínú ọ̀pọ̀ generator tí a ń lò lónìí.

Ṣé o mọ̀ pé obìnrin ló darí iṣẹ́ tó mú yield wọ inú lúùpù lásán? Barbara Liskov ni, ní MIT, láàárín àwọn ọdún 1970, nínú èdè tí wọ́n pè ní CLU. Àwọn tó ń ṣe èdè Alphard ní Carnegie Mellon ti ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti rí ìmísí, àmọ́ wọ́n mú un rọrùn: function á sọ yield, lúùpù for á gbà á, ó parí. Ní ọdún 2008 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Turing, èyí tó ga jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ sí ìgbà tí CLU jáde ni Ralph Griswold ní Yunifásítì Arizona ṣe Icon, èdè tí ó jẹ́ pé gbólóhùn èyíkéyìí nínú rẹ̀ lè máa mú èsì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èdè tí ayé ń lò kò ní in. Fún ọdún gbọọrọ.

Python, tó jáde ní 1991, kò ní generator. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2001 ni Neil Schemenauer, Tim Peters àti Magnus Lie Hetland kọ àbá PEP 255, nígbà tí ọdún náà sì fi máa parí, ó ti wà nínú ẹ̀dà 2.2. C# gbà á ní 2005. Mozilla fi í sínú JavaScript tirẹ̀ ní 2006, pẹ̀lú Firefox 2, àmọ́ ọdún 2015 ni ó tó di ara ìlànà tí gbogbo ènìyàn gbà. PHP, tí ọ̀pọ̀ ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì Áfíríkà dúró lé lórí, ní tirẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, nínú ẹ̀dà 5.5, àbá Nikita Popov sì ni. Go, tó jáde fún gbogbo ayé ní 2009, fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó jẹ́ kí lúùpù range máa gba function: oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ni, nínú ẹ̀dà 1.23.

Java ńkọ́? Bí o bá rí yield nínú Java, má jẹ́ kó tàn ọ́. Ó dé ní 2020 pẹ̀lú ẹ̀dà 14, inú switch ni wọ́n ti ń lò ó láti dá èsì padà, kò sì kan generator rárá.

Ṣé o mọ ìṣòro àkọ́kọ́ tó ń kojú ẹni tó bá fẹ́ fi yield kún èdè tó ti dàgbà? Kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Àwọn ènìyàn tó ti lo ọ̀rọ̀ yẹn sọ nǹkan wọn lórúkọ ni. Bí o bá gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wọn lọ́wọ́ lójijì, kóòdù tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́ á dẹnu kọlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí Python 2.2 fi ní kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó kọ ìlà kan sókè fáìlì rẹ̀ láti béèrè fún un, tó sì jẹ́ pé ẹ̀dà 2.3, ní 2003, ló sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. C# gba ọ̀nà míì: "yield return" ni wọ́n ní kí a kọ, ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, kí ẹni tó ti ní orúkọ tó ń jẹ́ yield má bàa ní ìdààmú. JavaScript fi ìràwọ̀ kan sẹ́yìn ọ̀rọ̀ function. Rust, ní oṣù Kejì ọdún 2025, kàn fi ọ̀rọ̀ gen pamọ́ fún ọjọ́ iwájú nínú àtúnṣe rẹ̀ tí wọ́n pè ní 2024, kí ilẹ̀ lè ti ṣí sílẹ̀ kí ilé tó dé. Mo fẹ́ràn ọ̀wọ̀ yìí fún iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú. Ẹni tó bá ń tún èdè ṣe gbọ́dọ̀ ní in.

Ṣé o mọ bí a ṣe ń kọ́ ọ gan-an? Ibí ni kí o fara balẹ̀ sí.

Ọ̀nà kìíní ni kí a sọ function di ẹ̀rọ tó ń rántí ìpele tó wà. Mú function odù wa. Nígbà tó bá dúró, nǹkan mélòó ló yẹ kó rántí? Mẹ́ta: ipò tí ọ̀tún wà, ipò tí òsì wà, àti ìlà tó ti dúró. Kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò nínú function, kó wọn sínú object kan. Fún ibi ìdúró kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Wàyí o, kọ function kan tó ń jẹ́ next: bí wọ́n bá pè é, á wo nọ́ńbà, á fò lọ síbi tó yẹ, á sún òsì síwájú. Bí òsì bá ti dé Òfún, á dá a padà sí Ogbè, á sún ọ̀tún síwájú. Bí ọ̀tún náà bá ti tán, á sọ pé ó parí. Kò sí idán níbẹ̀. Ọwọ́ lásán lè kọ ọ́ nínú èdè èyíkéyìí tó ní object, Java pẹ̀lú. Ohun tí compiler C# ń ṣe fún ọ láìsọ̀rọ̀ nìyẹn: ìwọ kọ yield return, òun kọ ẹ̀rọ náà.

Ìdí kan náà ni Regenerator fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ní 2013, nígbà tí àwọn browser kò tíì gba generator, Ben Newman ní Facebook kọ irinṣẹ́ kan tó ń ka JavaScript tuntun tó ní yield, tó sì ń tún un kọ sí JavaScript àtijọ́ tí kò ní in, switch ńlá kan nínú lúùpù while. Kò dúró de ẹnikẹ́ni láti fọwọ́ sí i. Babel, irinṣẹ́ míì tó ń tún JavaScript kọ, lò ó, kóòdù tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá sì dé orí àìlóǹkà fóònù tí kò mọ̀ pé ohun kan ń jẹ́ generator.

Nínú C, tí kò tilẹ̀ ní object, Simon Tatham, ẹni tó ṣe PuTTY, fi hàn ní ọdún 2000 pé switch àti nọ́ńbà ìlà kóòdù tó láti mú kí function padà síbi tó dúró sí. Òun náà kọ́ ọ lára Tom Duff, tó ti so switch mọ́ lúùpù lọ́nà tó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ní 1983.

Ọ̀nà kejì ni ti Python. Nígbà tí a bá pe function, kọ̀ǹpútà á ya àyè kan sọ́tọ̀ fún àwọn ohun tó ń lò. Bí function bá parí, wọ́n á kó àyè náà dànù. Fún generator, Python kàn kọ̀ láti kó o dànù. Àyè yẹn á wà níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun inú rẹ̀, títí wọn yóò fi tún béèrè. Ó rọrùn gbọ́, àmọ́ ó ní ààlà: function tó ní yield nínú nìkan ló lè dúró. Bí ó bá pe ẹlòmíràn, tí ẹni yẹn sì fẹ́ dúró, kò lè dá gbogbo ilé dúró. Ìdí nìyẹn tí Greg Ewing fi kọ àbá "yield from", tó wọ Python 3.3 ní 2012, kí generator kan lè fa iṣẹ́ lé òmíràn lọ́wọ́ láìkọ lúùpù síwá sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti rìn nínú igi ìdílé láti bàbá ńlá dé ọmọ-ọmọ pẹ̀lú kóòdù á mọ ìtura tó wà nínú ìlà kan yẹn.

Ọ̀nà kẹta kò ní ààlà yẹn, Brazil ni mo sì ti fẹ́ mú àpẹẹrẹ rẹ̀ wá. Ṣé o mọ̀ pé ní yunifásítì Kátólíìkì tó wà ní Rio de Janeiro ni wọ́n ti ṣe Lua, ní 1993? Roberto Ierusalimschy, Luiz Henrique de Figueiredo àti Waldemar Celes ló ṣe é. Ní 2003, nínú ẹ̀dà 5.0, wọ́n fún un ní coroutine tó ní stack tirẹ̀, ìyẹn àyè tí àwọn ìpè function ń tò sí, tó túmọ̀ sí pé bó ti wù kí ìpè jìn tó, ó lè dúró níbẹ̀, gbogbo ohun tó pè é á sì dúró pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ana Lúcia de Moura àti Ierusalimschy fi ẹ̀rí hàn pé irú coroutine bẹ́ẹ̀ lágbára tó àwọn ọgbọ́n tó díjú gan-an tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀. Ìlú tí kì í ṣe Amẹ́ríkà, tí kì í ṣe Yúróòpù, ló ti wá. Kí ọmọ Okala kọ èyí sílẹ̀.

Go gba ibi tí a kò retí. Function rẹ kò ní dúró rárá; lúùpù ni Go sọ di function, tó sì fi lé ọ lọ́wọ́ pẹ̀lú orúkọ yield. Bí o bá ní ẹyọ kan, o pe yield pẹ̀lú rẹ̀. Bí yield bá dá "bẹ́ẹ̀ kọ́" padà, ẹni tó ń gbà á ti lọ, kí ìwọ náà dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá ń bá a lọ lẹ́yìn náà, ètò rẹ̀ á dàrú.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni generator Python ń ṣiṣẹ́? Bí o bá ti lò ó tán, tí o tún fi í sínú lúùpù kejì, kò ní sọ pé o ṣẹ̀, kò sì ní fún ọ ní nǹkan kan. Òfo ni. Ọ̀pọ̀ wákàtí ló ti ṣòfò síbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé async àti await tí gbogbo ènìyàn ń lò lónìí láti dúró de íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ generator ni? Láti 2006, Python 2.5 ti jẹ́ kí a lè fi ohun kan ránṣẹ́ padà sínú generator tó dúró. Lórí èyí ni wọ́n kọ́ asyncio, irinṣẹ́ Python fún irú ìdúró bẹ́ẹ̀, lé ní 2014, kí async àti await tó dé ní 2015. Function tó lè dúró de oníbàárà lè dúró de ìkànnì tó ń falẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣé o mọ̀ pé èdè kọ̀ǹpútà kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá? Yorlang ni, Anuoluwapo Karounwi ló ṣe é. Nínú rẹ̀, jẹ́kí ni a fi ń fún nǹkan lórúkọ, sọpé ni a fi ń gbé èsì jáde, nígbàtí àti fún ni lúùpù, iṣẹ́ sì ni function. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé eré ọmọdé nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Faransé ṣe LSE ní Supélec, èdè tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ Faransé, wọ́n sì fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama wọn.

Bí a bá fẹ́ fi generator kún èdè bíi Yorlang, ibo ni a ti máa bẹ̀rẹ̀? JavaScript ni wọ́n fi kọ ògbufọ̀ rẹ̀, èyí tó ń ka kóòdù tó sì ń ṣe ohun tó kà. Oríire ńlá ni, torí JavaScript ti ní generator. Gbogbo function inú ògbufọ̀ tó ń túmọ̀ gbólóhùn, sọ ọ́ di generator, kí wọ́n sì máa fi "yield*", tó dà bí "yield from" ti Python, pe ara wọn. Nígbà tí ògbufọ̀ bá dé orí ọ̀rọ̀ tuntun rẹ tó dúró fún yield, òun fúnra rẹ̀ á dúró, JavaScript á sì bá ọ di gbogbo nǹkan mú. Ìyókù kò pọ̀: kí èdè mọ ọ̀rọ̀ tuntun náà, kó kọ̀ ọ́ bó bá wà níta iṣẹ́, kí pípe iṣẹ́ tó ní in má ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ bí kò ṣe kó dá object kan padà, kí lúùpù fún sì kọ́ bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ object yẹn títí yóò fi sọ pé ó tán. Ètò á falẹ̀ díẹ̀, mi ò ní pa irọ́. Àmọ́ á ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ kó yá lè padà wá fi ọ̀nà ẹ̀rọ onípele tún un kọ.

Ìwọ tó wà ní Okala, tàbí ní Sakété, tàbí ní Ìbàdàn, tó ń ka èyí: fi ọwọ́ ara rẹ kọ next fún odù 256 lákọ̀ọ́kọ́, láìlo yield rárá, nínú èdè èyíkéyìí tó bá mọ́ ọ lára. Bó bá ti yé ọ, kóòdù Yorlang wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti kà. Ṣí i, wá ibi tó ti ń túmọ̀ lúùpù fún, kí o sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.